Ọkọ Onílé Méjì: Ẹ̀rín àti Àforíjì Lẹ́nu Bodè Kraké

Obìnrin kan wọlé, ó gbé báàgì lọ́wọ́. Dókítà ni, Amẹ́ríkà ló ti ń bọ̀, ilé ọkọ rẹ̀ ní Nàìjíríà ló sì dé. Lójú tirẹ̀, òun nìkan ni ìyàwó ilé. Kò pẹ́ tó fi rí i pé obìnrin méjì ti wà níbẹ̀ ṣáájú òun: ọ̀kan jẹ́ àgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, èkejì jẹ́ ọ̀dọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú. Ọkọ wọn, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ń sá síhìn-ín sá sọ́hùn-ún, ó ń wá irọ́ kan tí yóò kárí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

Eré orí ìtàgé ni. Olóògbé Ọlá Rótìmí ló kọ ọ́, ó sì pè é ní Our Husband Has Gone Mad Again, tó já sí pé ọkọ wa tún ti ya wèrè. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1966, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1977. Eré náà ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wò ó lónìí lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìtàn yẹn lọ sí Kraké, lẹ́nu bodè Benin àti Nàìjíríà, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń tò lẹ́yìn ara wọn, tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń ka náírà sí ọwọ́ kan, tí wọ́n ń ka sẹ́fà sí èkejì. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó ń jẹun nídìí ìsọ̀ oníràìsì, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọn yóò wí.

"Ológun kọ́ lẹ̀ ń sọ yẹn," ni ìyá oníràìsì wí. "Dírẹ́bà ni. Mo mọ̀ ọ́n."

Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò gbèjà ọkọ náà. Ó ní ọkùnrin yẹn kò burú tó bí a ṣe ń sọ, ó fẹ́ sọ òtítọ́, àyè ni kò rí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní: "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo gbé báàgì wọlé."

Ìsọ̀ náà dákẹ́. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ló gbé mi dé ìdí ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín: kí ni eré aláwàdà lè ṣe fún ilé tó ti dàrú, kí sì ni kò lè ṣe fún un?

Ìtàn ọ̀gá Lejoka-Brown

Ọlọ́jà kòkó ni Lejoka-Brown, ọkọ inú eré náà, ó sì ti jagun rí ní Kóńgò. Ìṣèlú ti wọ̀ ọ́ lára, ó fẹ́ dé ipò gíga. Bí ó ṣe fẹ́ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Mama Rashida, ìyáálé, jẹ́ opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú. Wọ́n ṣú u fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà. Liza, ọmọ Kenya, ni ó fẹ́ nígbà tó wà ní Kóńgò, kí obìnrin náà tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà. Sikira ló fẹ́ nítorí ìbò, torí pé ìyá Sikira ni olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà, ọwọ́ wọn sì ni ìbò pọ̀ sí.

Ẹ wo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àṣà ló mú ọ̀kan wá, ìfẹ́ mú ọ̀kan wá, èrè mú ìkẹta wá. Kò sí èyí tó ṣàjèjì sí wa nínú wọn. Ohun tó sọ ilé náà di rúdurùdu ni pé ọkọ kò sọ fún Liza. Ó jẹ́ kó wá bá a lójijì, ó tún fẹ́ fi irọ́ bo irọ́.

Rótìmí kò jẹ́ kí àwọn obìnrin náà fi ìjà orogún parí eré. Liza àti Mama Rashida wá di ọ̀rẹ́, Liza sì ń kọ́ ìyáálé bí a ṣe ń fi ìṣirò ṣòwò adìyẹ àti ẹyin. Sikira gbọ́ lẹ́nu Liza pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba, ó sì di ọ̀rọ̀ náà mú. Nígbà tí eré yóò fi parí, Sikira tí ọkọ fẹ́ torí ìbò ni ẹgbẹ́ òṣèlú gbé kalẹ̀ láti du ipò tí ọkọ rẹ̀ ń lépa.

Ìdí nìyí tí mo fi ka eré náà sí iṣẹ́ ńlá. Ọlá Rótìmí, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìjọ̀, mọ bí a ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ di nǹkan kékeré. Ẹ̀rín pọ̀ lórí ìtàgé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ náà kò lọ láìjìyà. Ohun tó lépa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní gbangba.

Bodè kan, òfin méjì

Ẹni tó bá ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn lè rò pé Lejoka-Brown jẹ́ ọkùnrin ayé àtijọ́. Ní Kraké, ìgbé ayé ojoojúmọ́ ló ń bí irú rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ òkun ni Kraké wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Sèmè-Podji, láàárín Àjàṣẹ́ tí ìwé ń pè ní Porto-Novo àti Àgbádárìgì. Ojú ọ̀nà tó ti Abidjan wá sí Èkó ló gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Dírẹ́bà, oníṣòwò, agẹnti tó ń gba ẹrù sílẹ̀, gbogbo wọn ń sùn sí ìhín lónìí, wọ́n ń jí sí ọ̀hún lọ́la. Yorùbá àti Gùn ló ń gbé ìhà méjèèjì, ẹbí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ní ilé méjì níbẹ̀ kò ní wá àwáwí jìnnà. "Mo wà lọ́nà" ti tó.

Òfin náà tún yàtọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, kóòtù tó ń rí sí ìwé òfin Benin dá àbá òfin ìdílé kan padà, torí pé ó fún ọkùnrin láyè láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, kò sì fún obìnrin ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ààrẹ sì fọwọ́ sí òfin ìdílé náà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2004. Láti ìgbà náà, ọkọ kan sí aya kan ṣoṣo ni ìjọba Benin mọ̀ sí ìgbéyàwó.

Ní Nàìjíríà, tí a bá sọdá, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí gbà kí ọkùnrin ní ju ìyàwó kan lọ. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, bíi ti kóòtù, ni òfin dè mọ́ ẹnìkan, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sì lè rán an lẹ́wọ̀n ọdún 7 bí ó bá tún lọ gbé ẹlòmíràn níyàwó. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ péré ni obìnrin yóò gbé kọjá bodè, ohun tí ìjọba ń pè é yóò sì yí padà.

Lọ́yà kan tó ń ṣẹjọ́ ìdílé ní Àjàṣẹ́ sọ ibi tó ti ń dun àwọn obìnrin jù. "Wọn kì í wá nígbà tí ọkọ wà láàyè," ó ní. "Ọjọ́ tó bá kú ni wọ́n ń dé. Ìyá yóò kó ọmọ mẹ́ta wá, yóò ní òun ti bá a gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi yóò béèrè ìwé. Kò sí ìwé."

Irọ́ tí a fi rẹ́rìn-ín lórí ìtàgé, bó ṣe ń parí nìyẹn níta ìtàgé: ọmọ tí kò mọ ibi tí owó ilé ìwé yóò ti wá, àti ìyá tí wọn kò jẹ́ kó sún mọ́ ibojì.

Àwàdà ti ń ṣèdájọ́ láti ọjọ́ pípẹ́

Ọlá Rótìmí kọ́ ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rín tú ilé àwọn èèyàn wò. Ní Kétu, ní Àjàṣẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ní ìhà Benin àti Nàìjíríà, ayẹyẹ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ọkùnrin ló ń gbé agọ̀ tó ní ìrísí obìnrin, láti fi tu àwọn ìyá wa lójú. Ní òru Èfẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlú yóò di orin àti ẹ̀fẹ̀ ní gbangba ọjà: ẹni tó hùwà àbùkù yóò gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀, gbogbo ìlú yóò sì rẹ́rìn-ín. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé lọ́dún 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn lọ́dún 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ìyá ni ayẹyẹ náà ń tù lójú. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé bí obìnrin bá ń bínú, ìlú kò lè rójú. Wọn kò ní kí ìyá dákẹ́. Àwọn ni wọ́n dìde, tí wọ́n jó, tí wọ́n bẹ̀.

Àwọn òṣèré alárìnkiri tẹ̀lé ọ̀nà náà nígbà tí tíátà Yorùbá gbilẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe Ìfẹ́ Owó, ìtàn ọkùnrin tí ìyàwó kejì sọ ilé rẹ̀ di ahoro. Oyin Adéjọbí sọ ẹjọ́ tọkọtaya di àwòrẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n nínú Kóòtù Aṣípa. Mose Ọláìyá, Bàbá Sálà tó fi wá sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, fi ara rẹ̀ ṣe ẹni tí ojúkòkòrò àti ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ń kó sí wàhálà.

Kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ghana àti Togo, àwọn ẹgbẹ́ concert party náà fi orin àti àwàdà sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọkọ àti àlè láti alẹ́ dé òru. Ní Benin, láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún tíátà ńlá tí wọ́n ń pè ní FITHEB. Gbogbo etíkun yìí ló mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín.

Ta ló wà láàárín?

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ eré oníṣe ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Yorùbá sọ ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní ká wo ibi tí wọ́n fi oníkálùkù sí. Nínú eré aláwàdà, ẹlẹ́ṣẹ̀ ló wà láàárín ìtàgé, tí iná ń tàn sí. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Bí ó bá purọ́, òǹwòran mọ̀, wọ́n sì ń kígbe.

Nínú ìpàdé ẹbí, obìnrin tó mú ẹ̀sùn wá ni wọ́n ń fi sáàárín. Òun ni wọ́n ń bi pé, "Kí lo ṣe fún un tó fi lọ síta? Ṣé o máa ń se oúnjẹ lásìkò? Ṣé o máa ń pariwo?" Ọkọ yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà, yóò máa mi orí. Bí ìpàdé bá parí, wọn yóò ní kí ìyàwó gbà á fún Ọlọ́run.

Obìnrin aláṣọ òkìrìkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò rò pé àforíjì burú. Ó ní òun ti dárí ji ọkọ òun. "Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀ mí kó tó gbà pé òun ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ mí, ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí, pásítọ̀ bẹ̀ mí. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Kí ni mo wá dárí rẹ̀ jì í?"

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí gbogbo alárinà fi sọ́kàn. Yorùbá ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ kò lè di ọ̀rọ̀ àná. Bí egbò tí wọ́n fi aṣọ dì láìfọ̀ ni yóò rí, yóò máa rà nísàlẹ̀.

Àwọn ẹ̀sìn wa kò kọ́ wa ní àforíjì olówó pọ́ọ́kú. Àáfà kan tó ń parí ìjà tọkọtaya ní Àjàṣẹ́ to ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà fún mi báyìí: kí ẹni náà fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, kó kábàámọ̀ rẹ̀, kó pinnu pé òun kò ní padà síbẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ló gbà, kó dá a padà. Àwọn Kristẹni mọ Sákéù agbowó orí, tó ṣèlérí láti san ohun tó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Nínú àṣà wa, ẹni tó ṣẹ̀ á dọ̀bálẹ̀, á sì san ìtanràn. Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kọ́kọ́ gbàgbé.

Nígbà tí bodè tì

Ọdún 2019 dán ọ̀pọ̀ ilé onílé méjì wò ní Kraké. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Talon ti Benin nígbà náà ṣí ibùdó ìṣọ́bodè àjùmọ̀lò tuntun níbẹ̀, pẹ̀lú ìrètí pé ìrìn yóò rọrùn. Kò tíì pé ọdún kan tí Nàìjíríà fi ti àwọn bodè orí ilẹ̀ rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Ọjà kò rìn mọ́, ìrìn àwọn èèyàn pàápàá le. Àrùn Kòrónà tún dé lọ́dún 2020, ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ìlọ́po méjì. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Ààrẹ Buhari pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí bodè Sẹ̀mẹ̀, èyí tó wà ní Kraké, padà pẹ̀lú bodè mẹ́ta mìíràn.

Ìyá kan tó ń ṣe gààrí ní Kraké rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń fi "mo wà lọ́nà" bojú kò rí ọ̀nà mọ́. Ẹni tí bodè tì mọ́ ìhín kò lè gbé owó oúnjẹ lọ sí ọ̀hún. "Ibẹ̀ la ti mọ̀," ó ní. "Tẹlifóònù ń dún lóru. Obìnrin kan ń béèrè owó wàrà ọmọ. Ìyàwó ilé ló gbé e."

Ó ní ilé mìíràn tú. Òmíràn kò tú. Mo bi í pé kí ló fa ìyàtọ̀. Ó ní ibi tí ọkùnrin ti jókòó, tó sọ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, tó sọ iye tí òun ń pa àti bí òun yóò ṣe pín in, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí dòní. Ibi tí wọ́n ti ń fi irọ́ kún irọ́ ni ilé ti dà.

Kò ka ìwé Ọlá Rótìmí rí, ṣùgbọ́n ó ti dé ibi tí eré náà ń lọ.

Ohun tí ẹ̀rín lè ṣe

Àwọn kan kò fẹ́ràn irú eré yìí. Bàbá kan tó jẹ́ alàgbà ìjọ ní Àgbádárìgì sọ fún mi pé àwàdà ń sọ ìyà obìnrin di ohun ìgbádùn. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán. Ọ̀pọ̀ fídíò ẹlẹ́fẹ̀ tó ń lọ láti fóònù dé fóònù lónìí kò ní ju kí ọkọ lu ìyàwó, kí ìyàwó ṣubú, kí orin sì dún lọ. Ìyàwó ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ sì ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn eré aláwàdà kò ju ìbéèrè méjì lọ. Ta ni wọ́n ní ká fi rẹ́rìn-ín, ẹni tó ṣẹ̀ ni àbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀? Kí àforíjì tó dé, ṣé ẹnìkan ti jẹ́wọ́, ṣé ó sì ti ná an ní nǹkan? Eré tó bá kùnà níbi méjèèjì ń kọ́ ọkọ ní bí a ṣe ń ṣe é lọ ni.

Eré tó bá yege lè ṣe ohun tí ìpàdé ẹbí kì í lè ṣe. Ọkọ tó wá wòran kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, ó ti rẹ́rìn-ín kó tó dá ara rẹ̀ mọ̀. Ìyàwó tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà. Bí wọ́n bá ń lọ sílé, ó lè béèrè ohun tí kò lè béèrè lánàá. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n a lè ti ibi eré bọ̀ ká sọ òtítọ́.

Ibẹ̀ ni agbára ẹ̀rín mọ. Ó lè ṣí ẹnu ọkọ, kò lè bá a jẹ́wọ́, kò sì lè bá a san gbèsè.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ òṣèré Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì: ẹ gbé irú eré Ọlá Rótìmí wá sí Kraké. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ẹ ṣe é ní Yorùbá àti ní Gùn, kí ìyá oníràìsì àti dírẹ́bà gbọ́ ọ ní èdè tí wọ́n fi ń jà nílé. Ẹ pe lọ́yà kan kó jókòó síbẹ̀, kó sọ fún àwọn obìnrin, lẹ́yìn eré, irú ìwé tó yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn ní ìhà kọ̀ọ̀kan bodè.

Mo bẹ ẹ̀yin alárinà, àáfà, pásítọ̀ àti olórí ẹbí: kí ẹ tó ní kí obìnrin gbà á fún Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe, lójú gbogbo ìpàdé, ní ẹnu ara rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí yóò san àti ìgbà tí yóò san án.

Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ní ilé sí ìhín àti ọ̀hún, ẹ sọ ọ́ lónìí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé báàgì wọlé. Àforíjì tí ẹ ń retí kò lè ṣáájú òtítọ́ dé.